Àwọn Àfòpiná Tó Jáde Nínú Yàrá Mi

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nílé ọkọ mi ní Ìwó ni bí wọ́n ṣe ń se ìtẹ́ kòkòrò. Kúta ni wọ́n ti gbé mi níyàwó wá. Iṣu àti àgbàdo ni a ń gbìn lọ́hùn-ún, kò sì sí ohun tí a mọ̀ nípa sányán ju pé aṣọ ọlọ́lá ni. N kò mọ̀ pé inú igbó ni wọ́n ti ń kó o, n kò sì mọ̀ pé ohun tó ní ìyẹ́ ló ń bí i. Ilé ọkọ mi ló là mí lójú. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń hun sányán lórí òfì, àwọn obìnrin ń ran òwú rẹ̀, ìyá ọkọ mi sì ni ọ̀gá àwọn arànwú. A ó da ìtẹ́ náà sínú ìkòkò omi eérú, a ó sè é títí yóò fi rọ̀, a ó gbé e lọ fọ̀ lódò, a ó sá a sórí àpáta. Ìgbà tó bá gbẹ tán la ó tó máa fà á, tí a ó máa ran án díẹ̀díẹ̀. Òórùn ìkòkò yẹn kò dára rárá. Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, n kì í lè jẹun lọ́jọ́ tí a bá sè é.

Ìyá ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n tí a bá ti dé ìdí igi ìrà nínú igbó, ọ̀rọ̀ á bọ́ sí wọn lẹ́nu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ẹyin hàn mí lábẹ́ ewé, ó wà lójú kan bí òwú tí ènìyàn já sílẹ̀ tó gbàgbé. Wọ́n ní ìyá tó yé e ló fa irun ìdí ara rẹ̀ bò ó, kí èèrà má baà rí i. Nígbà tí òjò ń rọ̀ dáadáa, wọ́n tún mú mi lọ, a sì bá àwọn ọmọ tó jáde nínú ẹyin náà, kòkòrò onírun, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lára èèpo igi, orí èyí ń kan ìdí èyí, bí àwọn ọmọ kéwú tó ń ti ilé àáfà bọ̀.

"Má fọwọ́ kàn wọ́n," ni wọ́n wí. "Irun ara wọn burú ju wèrèpè lọ."

Wọ́n ní tí wọ́n bá jẹ ewé yó, gbogbo wọn á péjọ, wọ́n á jọ hun àpò ńlá kan sí ẹ̀ka igi, àpò tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ ọ̀nà. Kálukú á tún hun yàrá tirẹ̀ sínú àpò náà. Ibẹ̀ ni wọ́n á sùn sí ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn.

"Tí òjò àkọ́kọ́ bá wá rọ̀ ńkọ́, Ìyá?" mo bi wọ́n.

"Wọ́n á jáde. Wọ́n á ti di nǹkan mìíràn."

Wọ́n ní àfòpiná ni wọ́n ń dà, àfòpiná funfun tí kì í fò àfi lálẹ́. Kì í jẹ, kì í mu, torí Ọlọ́run kò fún un ní ẹnu tó lè fi jẹun. Kí akọ rí abo, kí abo yé ẹyin sábẹ́ ewé, kí àwọn méjèèjì kú, ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ láyé. Mo gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìtàn. N kò rí ọ̀kan rí, torí kí wọ́n tó jáde la máa ń ká ìtẹ́ wọn tí a sì ń sè é. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ilé tó dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ yẹn gan-an kò rí i rí.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtẹ́ sányán ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ń gé igi ìdáná fún ọkọ̀ ojú irin ti wọ igbó apá ibùdókọ̀, iná ẹ̀ẹ̀rùn sì jó lára èyí tó kù. A rìn títí ẹsẹ̀ wa fi wú, èyí tí a rí kò kún agbọ̀n. Nígbà tí a délé, tí mo fẹ́ dà wọ́n sínú ìkòkò, Ìyá yọ méjì tó tóbi jù sọ́tọ̀.

"Tí a bá sè gbogbo rẹ̀ lọ́dún yìí, kí la fẹ́ ká lámọ́dún? Yàrá tìrẹ ló gbẹ jù nínú ilé yìí. Gbé wọn sínú igbá, kí o fi síbẹ̀. Kí òjò tó dé, èmi fúnra mi ni n óò gbé wọn padà sórí igi."

Mo gbé ìtẹ́ méjèèjì sínú igbá, mo fi ọmọrí igbá bò ó, mo tì í sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ìyá gbé agbọ̀n tí a fi kó wọn wá kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

N óò sọ bí mo ṣe wà nígbà náà, kí ó lè yé ni ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ti pẹ́ díẹ̀ nílé ọkọ, n kò sì tíì bímọ. Oyún kan ti bàjẹ́ lára mi lọ́dún tó ṣáájú. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá kúnlẹ̀ kí ènìyàn láàárọ̀, ojú wọn á kọ́kọ́ lọ sí ikùn mi kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Nítorí náà, nígbà tí mo rí i pé nǹkan oṣù mi kò wá mọ́, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ tajà aṣọ ní Ìbàdàn. Mo ní tí ó bá dé ni n óò sọ fún un, kí oyún náà ti gbó díẹ̀ kí ojú tó kàn án.

Kò pẹ́ tí ọkọ mi lọ ni wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá láti Ilé-Ogbó pé àìsàn dá ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wó. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn méjì péré ló sì kù láyé nínú ọmọ ìyá wọn. Ìyá di aṣọ díẹ̀ sínú àdìrẹ kan, wọ́n gbé e lérí.

"N kò ní pẹ́," ni wọ́n wí fún mi. "Ojú ọjọ́ ṣì dára."

Wọ́n pẹ́. Ojú ọjọ́ náà kò sì dára títí.

Ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi ni ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọn kì í ṣe arànwú, iyọ̀ ni wọ́n ń tà lọ́jà. Wọ́n ti sin ọmọ rí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ yìí jí, ojú rẹ̀ méjèèjì wú. Kí oòrùn tó rọ̀, ara rẹ̀ ti gbóná, àyà rẹ̀ ń dún bí ó ti ń mí, ó ń fọwọ́ ra ojú, ó sì ń ké. Wọ́n fi àgbo wẹ̀ ẹ́. Bàbá àáfà, tó jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ mi àti olórí ilé wa, kọ adúà sára wàláà, wọ́n fi omi ṣan án, wọ́n fún ọmọ mu. Kò yí padà. Gbogbo wa sùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí kò sùn.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni òjò ọdún yẹn kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn ìrun alásárì ni ojú ọ̀run ṣú, kí n sì tó rántí igbá tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi, omi ti ń ya lójúde. Mo ronú pé kí n gbé e sábẹ́ aṣọ kí n sáré lọ sínú igbó. Ṣùgbọ́n òjò náà le, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, mo tún rántí ohun tó wà nínú mi. Mo jókòó sórí ẹní. Ọkàn mi kò sí lójú kan.

Nígbà tí òjò dá, tí mo tan fìtílà, mo gbọ́ nǹkan tó ń ha inú igbá bí èékánná ọmọdé. Mo ṣí ọmọrí rẹ̀. Ìtẹ́ kan ti lu, nǹkan rírin kan sì ń yọ orí níbẹ̀. Ó jáde tán, ó di etí igbá mú, ìyẹ́ rẹ̀ rún pọ̀ bí ewé tí ènìyàn fún lọ́wọ́. Ó ń gbọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹ́ náà ń tú, títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ògì, ìlà pupa rúsúrúsú kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Òmíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún ń tì í. N kò lè purọ́, ó dára lójú mi. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe sí wọn, kò sì sí ẹni tí mo lè bi.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọ́n ń yí fìtílà po, wọ́n ń kọlu ògiri, wọ́n ń bà sí orí mi. Mo bẹ̀rù pé wọ́n á pa iná, tàbí kí wọ́n jó. Mo ní tí òkùnkùn bá ṣú, wọ́n á bà sílẹ̀, n óò sì kó wọn padà sínú igbá. Mo fẹ́ fìtílà mi pa.

Fìtílà mìíràn wà lọ́dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìyálé mi gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn lé ẹsẹ̀. Ẹní tí mo fi ṣe ìlẹ̀kùn kò kan ilẹ̀. Bí yàrá mi ti ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ tòde ni àwọn àfòpiná náà rí, wọ́n sì gba abẹ́ ẹní náà jáde lọ síbẹ̀.

Nígbà tí mo fi sáré jáde, wọ́n ti pọ̀ lórí iná náà. Ọ̀kan ti bà sórí aṣọ tí wọ́n fi bo ọmọ, ó tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀, kò sì mira. Ìyálé mi kò pariwo. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà mi tó dúdú, ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá wò mí.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "kí lò ń ṣe nínú òkùnkùn?"

"Ìtẹ́ sányán Ìyá ni. Ó ti pa."

"Ìtẹ́ tí wọ́n ń sè ló ń fò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bínú."

Wọ́n gbé ọmọ wọn, wọ́n gba àárín àgbàlá tó kún fún omi kọjá, wọ́n sì lọ sùn sí apá kejì ilé. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ́hùn-ún. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìgbà tí wọ́n dákẹ́, nígbà tí mo wú ikọ́.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyálé mi ọkùnrin dé láti àdúgbò wọn. Wọ́n jókòó síwájú Bàbá àáfà, wọ́n ní kí wọ́n pè mí. Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àgbà ló sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ga ni, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, èyí ló jẹ́ kí n túbọ̀ bẹ̀rù.

"Bàbá, a kò bá ìjà wá. Ọmọ tó kù lọ́wọ́ àbúrò wa ń kú lọ. Obìnrin kan tí kò bímọ ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn. Nǹkan funfun ń ti yàrá rẹ̀ jáde lálẹ́, ó ń bà lé ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó mu omi èèpo igi. Tí kò bá ní nǹkan kan nínú, yóò bì í, ọ̀rọ̀ á tán."

Gbogbo wa la mọ omi tó ń sọ. Omi tí wọ́n fi ń dán àjẹ́ wò ni. Ẹni tó bá bì í, ó yè; ẹni tí kò bá bì í, ó kú. Mo mọ̀ pé bí mo tilẹ̀ bì í, ohun tó wà nínú mi kò ní dúró.

"A kì í fún ènìyàn ní irú omi yẹn nílé yìí," ni Bàbá wí. "Yóò fi Àlùkùránì búra."

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹni tó ń fò lálẹ́ kì í bẹ̀rù ìwé."

"Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó náà ti sọ pé ẹni tó bá fún ènìyàn mu ún, ẹ̀wọ̀n ni."

"Àjẹ́lẹ̀ kò bá wa sin ọmọ."

Mo wọlé, mo gbé ìtẹ́ tó ti lu jáde. Mo ní ẹ wò ó, ibi tí wọ́n ti jáde nìyí. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i lọ́wọ́, wọ́n ní àpò ìdọ̀tí ni, pé ta ló mọ ohun tí mo rán sínú rẹ̀. Mo fi ọ̀kan nínú àwọn àfòpiná náà tó lẹ̀ mọ́ ògiri hàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kejì fi igi tì í. Kò fò, torí ilẹ̀ ti mọ́. Ó kàn rọra yí ẹ̀yìn padà.

"Ẹ rí i," ni ó wí. "Kì í fò lójú ènìyàn."

Nígbà náà ni mo rí i pé ohunkóhun tí mo bá fi hàn wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ló máa padà sí. Mo dojú kọ Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ pe Ìyá wá ní Ilé-Ogbó. Àwọn ló ni ìtẹ́ náà. Ohun tí wọ́n bá sọ, n óò fara mọ́ ọn."

"Tí kò bá padà ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n àgbà béèrè.

Bàbá wò mí pẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní kéwú, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú ènìyàn.

"Tí ó bá padà kí a tó kí ìrun alẹ́, a ó gbọ́ tẹnu ìyá ọkọ rẹ̀. Tí kò bá padà, ẹ̀yin lẹ jàre. Ìyàwó, dìde, máa lọ."

Bí mo ti ń jáde, àwọn obìnrin ilé yà fún mi lọ́nà bí ẹni tó ru ìkòkò iná. Ìyálé mi kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà. Ó ti há.

N kò lè sáré, torí mò ń ronú nípa ara mi. N kò sì lè rọra rìn. Ilẹ̀ yọ̀ látàrí òjò àná, àbàtà sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo rìn dé ibi kan, nǹkan fà mí nísàlẹ̀ ikùn. Mo dúró, mo di igi mú. Báyìí náà ni ti àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù, mo ń dúró kí ó tún fà mí. Kò fà mí mọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Oríta kan wà tí ọ̀nà Kúta ti yà. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé obìnrin kan tó ru ẹrù iṣu, ẹni tí ilé rẹ̀ fara kan ilé bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ wa, ṣé ilé lò ń bọ̀?"

"Rárá, mà. Ilé-Ogbó ni mò ń lọ."

"Ojú rẹ kò dára. Ṣé wọ́n lù ọ́ ni?"

"Wọn kò lù mí."

"Jẹ́ ká jọ máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ohunkóhun tó bá jẹ́, ìyá rẹ á bá ọ dá sí i."

Ọ̀nà náà wà níwájú mi. Mo mọ gbogbo igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí mo bá gba ibẹ̀, ìyá mi á gbà mí mọ́ra, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún mi ní omi kankan mu. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n á sọ ní Ìwó. Wọ́n á ní mo sá, tí ọmọ náà bá sì kú, orúkọ náà á wà lára mi títí láé, á wà lára èyí tí mo fẹ́ bí náà.

"Ẹ bá mi kí ìyá mi," ni mo wí. "Ẹ ní àlàáfíà ni mo wà."

Obìnrin náà ṣì dúró, ó ń wò mí, nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo dé Ilé-Ogbó, yàrá tí wọ́n júwe fún mi ṣókùnkùn, ó sì ń rùn fún àgbo. Ìyá gbé orí ẹ̀gbọ́n wọn lé itan, wọ́n ń fi òwú tó rin kán omi sí i lẹ́nu. Aláìsàn náà ti gbẹ, ojú rẹ̀ wà lójú òrùlé. Ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn náà á mọ̀ pé kò kù púpọ̀. Ó nira fún mi láti la ẹnu. Ìyá ló sọ pé kí n sọ ohun tó gbé mi wá.

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn kò dá mi dúró àfi ìgbà kan.

"Báwo lo ṣe ní ojú ọmọ náà rí?"

"Ó wú, Ìyá. Ó ń fọwọ́ ra á. Àyà rẹ̀ ń dún."

"Agbọ̀n tí mo kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbo ló wà?"

Mo ronú. Mo wá rántí pé agbọ̀n náà ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọmọ náà tó jókòó sínú rẹ̀, tó ń fi etí agbọ̀n nu ẹnu. Mo ti rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà, mo sì ti kọjá lọ.

Ìyá pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orí ẹ̀gbọ́n wọn lé ìrọ̀rí jẹ́jẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ lọ sílé, mo ń bọ̀."

Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wọn bí, obìnrin tó ti dàgbà, dìde láti ìdí ògiri. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà rí bí wọ́n ṣe wà."

"Mo rí i," ni Ìyá wí. "Ẹ máa kán omi sí wọn lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí ètè wọn gbẹ."

Lójú ọ̀nà, mo ń gbìyànjú láti máa sáré níwájú wọn, torí oòrùn ti ń yí. Wọ́n fa aṣọ mi lẹ́yìn.

"Rọra rìn."

"Ilẹ̀ á ṣú, Ìyá."

"Rọra rìn, mo ní. Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni? Láti ọjọ́ tí o ti ń bu omi àmù mu láàárín òru ni mo ti mọ̀."

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún, ṣùgbọ́n wọn kò dúró.

Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà díẹ̀ nígbà tí a wọ àgbàlá. Àwọn ènìyàn ti pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Ìyá kí Bàbá lórí ìkúnlẹ̀, wọn kò sì kí ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí wọ́n bá wọn wá epo pupa, ẹ̀kọ tútù, àti abiyamọ tí ọmú rẹ̀ ní omi. Wọ́n gbé agbọ̀n náà, wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú kan sílẹ̀, wọ́n sì fi ìdí agbọ̀n gbá ilẹ̀ lórí rẹ̀.

"Ẹ súnmọ́ ibí," ni wọ́n wí fún ẹ̀gbọ́n àgbà. "Kí lẹ rí?"

"Eruku ni."

"Ẹ na apá yín."

Ó nà án. Ìyá fi aṣọ náà nù ún lápá lẹ́ẹ̀kan. Kò pẹ́, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í họ apá, ó họ ọ́, ó tún họ ọ́, ibẹ̀ sì ń ru sókè níṣojú wa.

"Ohun tó wà lójú ọmọ yín nìyẹn, ó sì wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀," ni Ìyá wí. "Irun kòkòrò ni, ara ìtẹ́ ló ti já bọ́ sínú agbọ̀n. Agbọ̀n mi ni. Èmi ni mo gbé e kọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọdé tó o. Tí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bá ṣẹjọ́, èmi nìyí. Ìyàwó yìí kò mọ nǹkan kan."

Wọ́n ní kí n gbé ìtẹ́ kejì wá. Wọ́n fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún Bàbá, kí Bàbá fi ojú ara wọn wo àwọn tó ṣì ń sùn nínú yàrá wọn, tí ìyẹ́ ti hù lára wọn. Bàbá wò ó pẹ́, wọ́n sì ní kí gbogbo ènìyàn wá wò ó. Ìyálé mi kò wá. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni wọ́n wà, wọ́n ń wo bí abiyamọ náà ṣe ń fún omi ọmú sí i lójú.

Ìyá fi ẹ̀kọ lẹ ara ọmọ náà níbi gbogbo, wọ́n ń ṣí i kúrò pẹ̀lú irun tó lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n wá fi epo pa á. Wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ń ṣe é. Mo jókòó sẹ́yìn ìlẹ̀kùn mi. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀, torí tí ọmọ náà bá kú síbẹ̀síbẹ̀, n kò mọ irú ọ̀rọ̀ tó máa kù. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo gbọ́ tí àyà rẹ̀ rọlẹ̀. Ó sùn.

Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀ ni ọmọkùnrin kan dé láti Ilé-Ogbó. Ẹ̀gbọ́n Ìyá ti kú. Ìyá kí ìrun wọn, wọ́n so gèlè, wọ́n sì tún bọ́ sọ́nà. Mo ní kí n bá wọn lọ, wọ́n ní kí n jókòó. Kí wọ́n tó dé ọ̀hún, wọ́n ti sin òkú, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Wọn kò bá a nílẹ̀. Títí tí Ìyá fi lo ọjọ́ ayé wọn tán, wọn kò fi ìyẹn sọ̀rọ̀ sí mi rí. Èmi ni mo máa ń ronú nípa rẹ̀, pàápàá tí mo bá rí wọn tí wọ́n jókòó ti òwú láìran án.

Ojú ọmọ náà là díẹ̀díẹ̀. Ìyálé mi kò bẹ̀ mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n gbé àwo iyọ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ní, "Fi se ọbẹ̀," wọ́n sì kọjá lọ sọ́jà. Mo gbé e wọlé. Nígbà tí ọkọ mi dé láti Ìbàdàn tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òun máa lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n ìyálé mi nílé wọn. Ìyá ló dá a dúró.

Ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu ni mo bí. Ọmọkùnrin ni. Ìyálé mi ló gbà á, àwọn ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, àwọn ni wọ́n sì ń gbé e pọ̀n nígbà tí n kò tíì lágbára. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀gbọ́n àgbà jókòó síbi tó jìnnà díẹ̀, ó jẹun, ó ṣàdúà fún ọmọ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn, ó sì lọ. N kò ní nǹkan kan tí mo fi sínú sí i. Ẹ̀rù ọmọ àbúrò rẹ̀ ló bà á, èmi náà sì ti mọ bí ẹ̀rù ọmọ ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, tí mo bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, ó sì máa ń bi mí nípa àwọn ọmọ. Ọkàn mi kì í balẹ̀ títí n óò fi kọjá rẹ̀.